Àkọlé

Wórù bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì
bí ẹni tó ń wọlé àgbà.
"Akọ̀wé, bá mi kọ ọ́ sí Kùtọnu.
Ìjì àná ṣí páànù méjìlá lórí ilé mi,
ìyàwó mi sùn sábẹ́ ìràwọ̀ tòun tọmọ ọwọ́.
Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá."

Mo tan ẹ̀rọ. Iná ń ṣẹ́jú.
Lójú fèrèsé, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ jókòó jẹ́jẹ́,
àpò kajú to ara wọn kan àjà,
òórùn wọn ti wọ gbogbo ìwé tí a ní.

"Bẹ̀rẹ̀ báyìí," ni Wórù wí, ó tẹríba díẹ̀ fún ẹ̀rọ:
"Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru,
ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ẹ kú òjò tó dé.
Ìyá yín ńkọ́, tí ẹ mú wá lọ́jọ́ ìwọ̀n,
tí wọ́n ní orúnkún ọ̀tún ń dun àwọn..."
Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́tìnnì.

Bàbá, Kùtọnu kì í ka irú èyí.
Ìtìjú ló kọ́ mi.
Lọ́dún tí mo débí, àpò mọ́kànlá dín,
mo kọ ímeèlì ẹ̀bẹ̀,
mo kí wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀
kí n tó dárúkọ kajú.
Èsì tó wá ni: "Àpò mélòó? Kí ló dé?"
Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fọ́mọlúwàbí.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Wórù wí,
"ṣùgbọ́n ìkíni kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ilẹ̀kùn ni."

Mo fi Faransé tẹ̀ ẹ́, mo fi Nàgó kà á fún un:

*Àkọlé: Ìyọ̀ǹda ọjọ́ mẹ́ta, Wórù, olùṣọ́ òru, Ṣábẹ̀ẹ́.*
*Ọ̀gá Hunkpátìn,*
*Ìjì ba òrùlé ilé Wórù jẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.*
*Ó ń tọrọ ìyọ̀ǹda láti Ọjọ́bọ̀ di Sátidé.*
*Ṣàbí yóò ṣọ́ ilé-ẹrù dípò rẹ̀; ó ti gbà.*
*Ẹ ṣeun.*

Ó dákẹ́. Ó yọjú wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ,
bóyá ìyókù ọ̀rọ̀ rẹ̀ bọ́ síbẹ̀.
"Níbo ni mo ti dọ̀bálẹ̀?"
Mo na ìka sí *Ẹ ṣeun*.
"Ibẹ̀ yẹn há," ni Wórù wí.
"Àyà mi ò lè gbà á."

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo padà, mo fi ìlà kan kún un,
èmi tí mo ń bá àwọn ọmọṣẹ́ wí lórí irú rẹ̀:
*Ó ń béèrè orúnkún ìyá yín.*

Agogo mẹ́rin, èsì dé:
"Ó dára. Kó padà lọ́jọ́ Àìkú."
Orúnkún kò sí níbẹ̀.
Wórù dúró, fìlà lọ́wọ́. "Kí ni wọ́n wí?"

Mo ní, wọ́n kí ọ. Wọ́n kí ìyàwó.
Wọ́n ní orúnkún ti ń sàn,
ó kù díẹ̀ kó tán.
Àṣé irọ́ máa ń dùn lẹ́nu akọ̀wé báyìí!

Òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé, ọkọ̀ kajú ti kọjá Dàsá
kí Ṣàbí tó sọ fún mi
pé Wórù gbé igbá òrí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀,
ó fi aṣọ funfun dì í,
ó ní kí wọ́n fi pa ìwọ̀nba tó kù.

Mo jókòó níwájú ẹ̀rọ láti àárọ̀.
*Ọ̀gá Hunkpátìn,* mo ti kọ ìyẹn.
Mo mọ bí a ti ń tọrọ ìyọ̀ǹda, bí a ti ń rán onígbèsè létí,
bí a ti ń kọ *rárá* kí ó má gún ẹnikẹ́ni lójú.
Igbá ń lọ. Òrí ń yọ́ nínú oòrùn.
Àkọlé: